Ọyẹ́, Kẹ̀kẹ́ Ológeere àti Àwọn Ère Ojú Títì Èkó: Kí Ni Ìpín Alímọ̀ṣọ́?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní arìnjìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà ọyẹ́, tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí oòrùn òwúrọ̀ kò sì tíì le, ó rọrùn fún ẹni tó lókun láti gun kẹ̀kẹ́ rìn jìnnà ní Èkó. Ẹni tó bá gbéra ní Ìkòtún ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí dánfó tó gba ojú títì kan, lè gba Ìdímù dé Ẹgbẹ́dá, kí ó gba Akówonjó já sí Dópẹ̀mú, kí ó sì wọ Ìkẹjà. Ohun tí yóò rí níwájú ni àwọn ère tí ìjọba gbé sí gbangba. Ìtàn àwọn ère náà kò yàtọ̀ sí ìtàn ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀: ta ni a là á fún?

Kẹ̀kẹ́ ológeere kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Láyé ìjọba amúnisìn, nígbà tí Ìkòtún, Ìgándò àti Ẹgbẹ́dá ṣì jẹ́ ìletò àwọn Àwórì láàrin oko, kẹ̀kẹ́ Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ohun iyì káàkiri. Tíṣà ń gùn ún, akọ̀wé ń gùn ún, àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ so dáadáa náà kò gbẹ́yìn. Àwọn agbẹ́gilére pàápàá kò fojú fò ó. Ọ̀kan nínú wọn gbẹ́ ère ọkùnrin kan tó wọ aṣọ Òyìnbó, tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ère náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Newark ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n ní kí James Baldwin, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn tí yóò yan iṣẹ́ ọnà Áfíríkà fún àfihàn kan ní New York lọ́dún 1987, ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ yìí wà lára ohun tó yàn. Kì í ṣe ère ọba, kì í ṣe ère òrìṣà; ère ẹni tó ń bá tirẹ̀ lọ ni.

Lónìí, bí ènìyàn bá pe "kẹ̀kẹ́" ní Ìkòtún, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni yóò dá a lóhùn: kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí a fi orúkọ Buba Marwa pè, ọ̀gá ológun tó ṣàkóso Èkó láti 1996 títí di 1999. Ológeere pàdánù ojú títì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Ìkẹjà, ère Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí arìnrìn-àjò. Hamza Atta ló ṣe é, Gómìnà Akínwùmí Àm̀bọ̀dé sì ṣíṣọ lójú rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan bèèrè ìdí tí wọ́n fi mú un jókòó dípò kó dúró. Àwọn mìíràn ní irú bàtà olókùn yẹn kò bá agbádá mu. Àwàdà kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ará ìlú bá ń jiyàn lórí bàtà ẹni tó mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1955, wọ́n ń sọ pé tiwọn ni ère náà.

Ní oríta Allen, ibẹ̀ ti ṣófo. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, ogún ọdún lẹ́yìn ikú Fẹlá Aníkúlápò Kútì, wọ́n gbé ère tí Abọ́lọrẹ Ṣóbayọ̀ ṣe síbẹ̀: aṣọ Fẹlá ni, kò lórí, kò lọ́wọ́. Ní ọdún 2021, ìjọba gbé e kúrò kí ọkọ̀ lè rọ́nà kọjá. Láàrin ère àti ọkọ̀, ọkọ̀ ló borí.

Òjòtá ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo jù. Ọgbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ Gànì Fáwẹ̀hìnmí, agbẹjọ́rò tó kú lọ́dún 2009. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan sì fò láti náírà 65 sí 141. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 9, ọkọ̀ di àwátì. Ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rìn dé ọgbà náà, nínú eruku ọyẹ́, ọjọ́ kan tẹ̀lé òmíràn. Ní ọjọ́ 16, ìjọba dín owó náà kù sí náírà 97. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn sójà gba ọgbà. Lẹ́yìn náà, ní ọdún 2018, wọ́n ṣíṣọ lójú ère tuntun fún Gànì ní oṣù Kẹrin, wọ́n sì ṣe ti M.K.O. Abíọ́lá ní Òjòtá kan náà ní oṣù Kẹfà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ló ti kọ́kọ́ sọ ibẹ̀ di mánigbàgbé, kì í ṣe gíga ère.

Nígbà tí arìnrìn-àjò bá yí kẹ̀kẹ́ padà sílé, ìbéèrè kan yóò bá a wọ Ẹgbẹ́dá. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, iye ènìyàn tí wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́ lé ní mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tó tó o. Kí ló dé tí ẹni tó ń gbé níbi tí èrò pọ̀ jù fi ní láti jáde kúrò ládùúgbò rẹ̀ kí ó tó rí àwọn ère tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ nípa wọn?

Àwọn kan yóò ní ebi ló ń pa ará ìlú, kí ni wọ́n fẹ́ fi ère ṣe? Òótọ́ ni pé ère kì í yó ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti lè gbé ère kalẹ̀ kí ènìyàn dúró wò ó, ibẹ̀ náà ni ọmọ ilé ìwé ti lè rìn láìsí pé ọ̀kadà gbá a, ibẹ̀ ni oníkẹ̀kẹ́ ológeere ti lè kọjá láìfi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu. Títì tí kò bá láyè fún ẹsẹ̀ kò lè láyè fún ìrántí.

Agbẹ́gilére ayé àtijọ́ ti fi ọ̀nà hàn. Bí Alímọ̀ṣọ́ yóò bá gbé ère kan kalẹ̀ ní Ìkòtún, kò di dandan kó jẹ́ ti gómìnà tàbí ti olóyè. Ọkùnrin tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó, bí a bá ti kọ́kọ́ la ọ̀nà tí òun náà lè gbà.