Owó Akọ: Èdè Ọjà fún Eré Ọ̀sìn Ẹṣin

Owó kan wà tí ẹni tó ní abo ẹṣin máa ń san fún ẹni tó ní akọ, kí akọ náà lè gun abo rẹ̀, kí abo sì lóyún. Ẹni tó bá di ìwé atúmọ̀ èdè mú, tó ń tú ọ̀rọ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, "owó ìbálòpọ̀ ẹṣin" ni yóò kọ sílẹ̀, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé òun ti ṣiṣẹ́. Kò mọ̀ pé òun ti sọ ibùso di ilé aṣẹ́wó. Ìbálòpọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn elétò ìlera ń lò fún tọkọtaya àti fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kìlọ̀ fún. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa rí òbúkọ lórí ewúrẹ́ kó wá ní wọ́n ń bá ara wọn lò pọ̀. Gígùn ló ń gùn ún. Irú ọ̀rọ̀ tí kò dé àgbàlá rí báyìí ló ń mú kí àwọn kan máa sọ pé èdè wa kò tó nǹkan, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni kò wá a dé ibi tó wà.

Eré orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí ń jẹ́ Howrse ni mo fẹ́ fi dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 2005 ni ilé-iṣẹ́ Owlient gbé e jáde ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Equideow. Ubisoft ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2011. Ẹni tó ń ṣe eré náà ń sin ẹṣin tí kò sí níbì kankan àfi lójú kọ̀ǹpútà. Yóò bọ́ ọ, yóò kọ́ ọ ní eré sísá àti fífò, yóò mú un lọ sí ìdíje, yóò wá akọ fún abo, yóò sì ta ọmọ tí wọ́n bá bí. Equus ni wọ́n ń pe owó ibẹ̀, èyí tó jẹ́ orúkọ tí àwọn ará Róòmù ìgbàanì ń pe ẹṣin, tó fi jẹ́ pé ẹṣin ni wọ́n fi ń ra ẹṣin. Kí equus máa jẹ́ equus. A kì í túmọ̀ orúkọ owó; dọ́là ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, kò sì pa èdè lára.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí eré yìí ń béèrè ni kò lẹ́jọ́ nínú. Akọ ẹṣin, abo ẹṣin, ọmọ ẹṣin. Akọ tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá, ọ̀dá ni. Ẹni tó ń sin wọ́n, ọlọ́sìn. Ibi tí wọ́n ń so wọ́n mọ́, ibùso. Baba àti baba ńlá tí ẹṣin ti ṣẹ̀ wá, ìran. Ohun tó bá bá ọmọ ẹṣin wá sáyé tí olùkọ́ kankan kò fi kún un, àbínibí; ohun tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn náà, ẹ̀kọ́. Kí a kọjá níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ọ̀rọ̀ ìdókòwò ìbísí, ìdí tó sì fi le wà nínú ìtàn. Àwọn agẹṣinjagun ni Ọ̀yọ́ fi lágbára, ṣùgbọ́n rírà ni Ọ̀yọ́ ń ra ẹṣin láti ìhà àríwá. Eṣinṣin tó ń fa àìsàn oorun kò jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó, débi tí yóò bí sí i lọ́pọ̀ yanturu. Robin Law tú iṣu ọ̀rọ̀ yìí désàlẹ̀ ìkòkò nínú ìwé tó kọ ní 1980 lórí ẹṣin nínú ìtàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ń ra ẹṣin tí kì í bí i nílé yóò ní ọ̀rọ̀ fún gàárì, fún ìjánu, fún ẹni tó ń di okùn ẹṣin ọba mú; oyè Olókùn Ẹṣin ṣì wà títí di òní. Tí àwọn ìdílé Balógun bá sì ń gun ẹṣin jáde nígbà Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ohun tó wà lára ẹṣin yẹn tí a kò lórúkọ fún. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń béèrè níbẹ̀ iye tí wọ́n san fún baba ẹṣin náà. Nítorí náà, ẹni tó bá wá ọ̀rọ̀ ìbísí lọ sí ààfin yóò padà lọ́wọ́ òfo. Ibi tí Yorùbá ti ń mú kí ẹran bí sí i ni ẹ̀yìnkùlé, ibi tí wọ́n sì ti ń sọ̀rọ̀ owó rẹ̀ ni ọjà. Èdè òbúkọ àti èdè alájàpá ni ó yẹ kí ẹṣin orí kọ̀ǹpútà máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí owó tí a fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní kí a pè é ní owó-orí tàbí ìdána, nítorí pé akọ àti abo ló pàdé. Èrò yẹn dára lójú ṣùgbọ́n ó yí ọ̀nà owó po. Ilé ọkọ ló ń san owó-orí fún ilé ìyàwó, obìnrin a sì máa tẹ̀ lé ẹni tó san án lọ; ní ti ẹṣin, ilé abo ló ń sanwó fún ilé akọ, abo yóò padà sí ibùso olówó rẹ̀, ọmọ tó bá bí kò sì kan ẹni tó gbowó. Ká má tilẹ̀ sọ pé ìjọba ti gba owó-orí mọ́ wa lọ́wọ́ fún ọ̀rọ̀ ti wọn. Owó àtọ̀ ńkọ́? Ó bá màlúù mu, níbi tí dókítà ẹran ti ń gbé àtọ̀ sínú abo. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ẹṣin eré ìje kò gba ọmọ tí a fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ bí; àfi kí akọ fúnra rẹ̀ gun abo. Kò sí àtọ̀ kankan nínú kọ̀ǹpútà náà.

Owó gígùn ló kù nínú àwọn tó jọ pé ó tọ́, òun ló sì gba àlàyé jù. Òótọ́ ni pé gùn ni ìṣe náà. Ṣùgbọ́n gbé "owó gígùn" síwájú ẹni tí kò mọ ohun tí à ń sọ, owó tó gùn ló máa kọ́kọ́ rò. Fi ẹṣin kún un, kó di "owó gígùn ẹṣin", yóò rò pé owó tí wọ́n ń gbà létí òkun l'Ékòó ni, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gun ẹṣin ya fọ́tò. Ewúrẹ́ kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí èèyàn kì í gun ewúrẹ́. Bí a bá ní wọ́n gùn ún, òbúkọ ló gùn ún. Ní ti ẹṣin, èèyàn àti akọ ló jọ ń gùn ún dáadáa. Ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn wúlò fún gbólóhùn, kò wúlò fún orúkọ owó.

Owó akọ ni mo fara mọ́. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń so owó mọ́ orúkọ nǹkan: owó ọkọ̀, owó ilé. Ẹni tó san owó ọkọ̀ kò ra ọkọ̀, ẹni tó san owó ilé kò ra ilé. Ohun tí a lò fún ìgbà díẹ̀ tí a sì dá padà fún olówó rẹ̀ ni a ń so mọ́ owó báyìí. Owó akọ wọ inú àpò yẹn ṣinṣin: a lo akọ, a dá a padà, a sanwó. Ẹni tó bá ní èèyàn lè ṣì í gbọ́ sí iye tí wọ́n ń ta akọ, kó lọ béèrè lọ́wọ́ onílé àti ayálégbé bóyá "owó ilé" ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn rí nípa ẹni tó ni ilé. Àwọn mìíràn á ní akọ tún máa ń túmọ̀ sí ohun tó le, bí akọ òkúta, akọ iṣẹ́. Níwájú ni akọ yẹn máa ń wà, kì í tẹ̀ lé orúkọ lẹ́yìn. Ẹni tó bá ní akọ owó, owó ńlá ló ń sọ. Owó akọ kò jọ ọ́. Ó kúrú, ọmọdé lè pè é, ó sì sọ ohun tí a sanwó fún láìdójú ti ẹnikẹ́ni.

Nínú eré náà, olówó akọ ló ń fi iye owó akọ síta, eré sì ti fi òpin sí i lókè àti nísàlẹ̀. Gígùn kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú agbára akọ, nítorí náà kò lè gun iye abo tó bá wù ú lójúmọ́. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè pe irú owó tí wọ́n gbà nígbà kan lórí akọ kan tí ń jẹ́ Storm Cat ní Kentucky, 500,000 dọ́là fún abo kan nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, lẹ́yìn 2000. Àdéhùn tó wọ́pọ̀ nínú òwò bẹ́ẹ̀ ni pé owó akọ kò pọn dandan àfi bí ọmọ bá dìde dúró tó sì mu ọmú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo "pe owó" báyìí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ lò ó ni. Ìdíyelé ni ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ máa ń sáré mú fún iṣẹ́ ẹni tó ń fi iye sára ọjà. N kò bá ìdíyelé jà. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn ni. Ẹni tó bá ń díye lé nǹkan kò dandan kó nífẹ̀ẹ́ sí títà rẹ̀: ẹni tí ilé-ẹjọ́ rán wá wo ilé olóògbé, ẹni tó ń wo ọkọ̀ tó jóná fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹni tó ni ọjà kì í díye lé e, pípè ló ń pè é. "Èló lẹ pè é?" la máa ń bi ìyálọ́jà. Ó pè é ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún, a ná an ní mẹ́ta, ó gbà á ní mẹ́rin. Ìpè, ìnájà, ìgbà: àwọn ìpele mẹ́ta yìí ni èdè wa ti yà sọ́tọ̀ láìsí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó lé e. Nínú eré Howrse, a kì í ná ọjà tí wọ́n bá ń tà ní tààrà. Iye tí ọlọ́sìn bá pè ni iye tí olùrà yóò san, tàbí kó kọjá. Ìdí nìyẹn tí ìpè fi ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ọjà Bódìjà lọ. Kò sí àyè láti fi ìnájà tún un ṣe. Ọlọ́sìn yóò ka ohun tó fi bọ́ ọmọ ẹṣin àti owó akọ tó san, yóò wo àbínibí rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò yọjú sí iye tí àwọn ẹlòmíràn pe irú rẹ̀, nítorí ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ohun tí wọ́n pe ẹṣin kì í sì í ṣe ohun tó tó. Ní 2006, wọ́n ra ẹṣin kan tí ń jẹ́ The Green Monkey ní 16,000,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà nígbà tó pé ọmọ ọdún méjì. Kò borí nínú eré ìje kan ṣoṣo.

Ibòmíràn tí àríyànjiyàn yóò ti wà ni gbàǹjo. Eré náà gba ọlọ́sìn láyè láti ta ẹṣin fún ẹni tó bá fowó lé e jù, ọ̀rọ̀ tí Yorùbá sì ní fún èyí ni pé kí a lù ú ní gbàǹjo. Ṣùgbọ́n lónìí, bí ẹni tó ń ta òkìríkà bá na ohùn sókè, "Gbàǹjo! Gbàǹjo!", ohun tó ń sọ ni pé ọjà òun pọ̀ tó sì rọjú. Ṣé kí a wá ọ̀rọ̀ mìíràn nígbà náà, bí "títa-ọjà-fún-ẹni-tó-bá-san-jù"? Gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe orúkọ, ìdààmú ńlá ni fún ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sójú bọ́tìnì. Mo ní kí a gba gbàǹjo padà. Ohun tó so ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀ ni pé ìta gbangba ni, tí wọ́n ń pe èrò jọ. Iye tí wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ máa ń rọjú lóòótọ́, kí ojú lè wọ̀ ọ́. Ohun tó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí owó ń gbà: ìnájà ń fa iye sílẹ̀ láti ẹnu olùtà, gbàǹjo ń gbé e sókè láti ẹnu olùrà. Nítorí náà, kí a má pe ẹni tó ń fowó lé ẹṣin ní gbàǹjo ní ẹni tó ń ná an. Fowó lé ni, ìfowólé ni orúkọ rẹ̀. Ní gbàǹjo Tattersalls ní Newmarket, gíní ni wọ́n ṣì fi ń ka owó ẹṣin títí di òní, gíní kan sì jẹ́ pọ́n-ùn kan àti pẹ́nì márùn-ún. Láyé àtijọ́, ṣílè kan tó lé lórí pọ́n-ùn yẹn ni owó alágbàtà. Èènì tó ń lọ sápò ẹni tó ń pariwo ọjà dípò olùrà; ó dá mi lójú pé kò sí ìyálọ́jà tó máa gbà á.

Lórí BLUP, n kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òǹkà kan ni nínú eré náà tó ń lọ láti 100 nísàlẹ̀ òdo sí 100 lókè rẹ̀, tó ń fi hàn bí ẹṣin ṣe lè fi àbínibí rere lé ọmọ lọ́wọ́ tó. Ó wá láti inú ìṣirò tí Charles Henderson, ará Amẹ́ríkà, ṣe fún ìbísí ẹran, àwọn ọlọ́sìn Faransé sì ń lò ó fún ẹṣin gidi. Bí a bá tú lẹ́tà mẹ́rin yẹn sílẹ̀, yóò di "àsọtẹ́lẹ̀ onílà tó dára jù tí kò ṣègbè", ẹni tó bá sì kà á á rò pé wòlíì ni. Kí a máa pè é ní BLUP. Àwọn tó bínú sí ọ̀rọ̀ àyálò kí wọ́n yẹ ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá wò, tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984 tí Awóbùlúyì sì ṣe ti èkejì ní 1990. Àwọn onímọ̀ èdè fúnra wọn ń lo fáwẹ̀lì àti kọ́ńsónáǹtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ilé kò sì wó.

Ẹnì kan lè ní eré lásán ni gbogbo èyí, pé kò tilẹ̀ sí Yorùbá nínú èdè tí wọ́n fi ń ṣe é. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èdè tó bá lè sọ̀rọ̀ owó akọ ẹṣin tí kò sí níbì kankan yóò lè sọ ti àgbò àti ti màlúù tó wà ní Ṣakí. Ọ̀kan ṣì kù tí eré náà kò béèrè, tí àwọn ọlọ́sìn gidi ń béèrè: nígbà mìíràn, olówó akọ kì í gbowó rárá, òun àti olówó abo á jọ ni ọmọ, wọn á tà á, wọn á pín owó rẹ̀. Ó wù mí láti pè é ní àsìnpín, nítorí bí a ti ń gba ewúrẹ́ ẹlòmíràn sìn kí a lè pín ọmọ rẹ̀. Kò bá a mu. Ẹni tó gba ewúrẹ́ sìn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi ra ìpín rẹ̀; olówó akọ kò sin abo fún ọjọ́ kan. Owó akọ tí kò gbà ló di ìpín tirẹ̀. Àsìnpín kí ó wà fún ewúrẹ́. Ní ti ẹṣin, ọmọ àjọni ti tó.