Ilé Ọmọlángidi: Ta Ló Ń Gbé Inú Rẹ̀?

 

Lóṣù tó kọjá, ẹbí wa ta ilé ìyá àgbà ní Itamaga. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí ẹni tó rà á fi wó o palẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, torí owó ìtọ́jú ìyá àgbà fúnra wọn ló gbé ilé náà lọ. Ohun tó dùn mí ni pé a ò ní fọ́tò yàrá wọn, ẹyọ kan péré. Gbogbo fọ́tò tó wà jẹ́ ti ìta, níbi tí a ti wọ aṣọ ọdún. Mo bá kó páálí bàtà, abẹ́, gọ́ọ̀mù àti igi ìṣáná jọ, mo ní mo fẹ́ kọ́ yàrá náà ní kékeré. Ibi tí mo ti ń wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni ètò òní ti jáde.

Òṣùwọ̀n tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń lò jù ni pé ẹsẹ̀ bàtà 1 á di íǹṣì 1. Ilẹ̀kùn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 á di íǹṣì 6. Ó dún bí ohun tó rọrùn, àbí? Aṣọ ni wàhálà rẹ̀. O lè gé igi kó kéré, ṣùgbọ́n o ò lè sọ òwú aṣọ di kékeré. Mo fi àńkárá gidi ṣe kọ́tìnì, òdòdó kan ṣoṣo bo gbogbo fèrèsé, aṣọ náà sì dúró gbagidi bí pákó. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo padà wá, mo fi omi gọ́ọ̀mù rẹ ẹ́, mo fi bírò ká a ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po títí ó fi gbẹ.

Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ilé ọmọlángidi kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Amsterdam, ìyàwó olówó kan tó ń jẹ́ Petronella Oortman bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1686, owó tó sì ná lé e lórí tó ra ilé gidi létí odò níbẹ̀. Ó wà ní Rijksmuseum títí dòní.

Ṣùgbọ́n èyí tó mú mi jókòó ni ti Olorì Mary, ìyàwó Ọba George Karùn-ún. Láàárín 1921 sí 1924 ni wọ́n kọ́ ọ, Edwin Lutyens ló sì ya àwòrán ilé náà. Iná ń tàn nínú rẹ̀, omi ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ọtí gidi wà nínú àwọn ìgò kóńkóló. Arthur Conan Doyle, ẹni tó kọ ìtàn Sherlock Holmes, kọ ìwé kékeré kan sí yàrá ìkàwé rẹ̀. Ní 1924, wọ́n gbé ilé náà lọ sí àfihàn ńlá ti ìjọba òyìnbó ní Wembley, èrò sì tò lọ wò ó.

Ní àfihàn yẹn kan náà, wọ́n mọ odi ìlú kan fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: Nàìjíríà, Gold Coast àti Sierra Leone. Wọ́n kó àwọn èèyàn wa wá síbẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ ọwọ́ lójú àwọn òǹwòran. Àwọn ìwé ìròyìn London wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìkọkúkọ nípa wọn. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ òfin ní London, ka ohun tí Evening News kọ nípa Nàìjíríà, ó sì kọ̀wé láti fi tako wọn pé ìwọ̀sí ni. Kò dá wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ adúláwọ̀ mìíràn náà fẹ̀hónú hàn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright ti Sierra Leone dá WASU sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, ẹgbẹ́ tó wá di ilé fún ọ̀pọ̀ àwọn tó jà fún òmìnira.

Ẹ bá mi wò ó. Ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀, wọ́n fa omi gidi sí i. Àwọn èèyàn gidi, wọ́n kó wọn sínú odi bí ọmọlángidi. Tí mo bá ti rí fọ́tò ilé olorì yẹn báyìí, Ṣólańkẹ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Àwa náà kò ṣàì mọ nǹkan kékeré í ṣe. Ère ìbejì kì í ṣe ohun ìṣeré, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tí ìbejì rẹ̀ kú á máa wẹ ère náà, á fi osùn pa á, á wọ ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Àwọn kan tiẹ̀ ní ẹ̀wù tí wọ́n to owó ẹyọ sí lára.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ gúgù ní alẹ́ òní ni Justus Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀. Láàárín 1930 sí 1940 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ̀gún. Ẹ̀gún gidi o, irú èyí tó máa ń yọ lára igi ńláńlá bí àràbà. Ẹ̀gún náà rọ̀ lábẹ́ ọ̀bẹ, ó sì ní àwọ̀ mẹ́ta: èyí tó funfun díẹ̀, èyí tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àti èyí tó dà bí awọ ara wa. Kò sídìí láti kùn ún lọ́dà. Èyí tó dúdú á di ara èèyàn, èyí tó funfun tàbí tó pọ́n á di aṣọ, wọ́n á wá lẹ̀ wọ́n pọ̀. Obìnrin tó ń gúnyán, ẹlẹ́mu lórí ọ̀pẹ, àwọn tó ń ta ayò, pẹ̀lú odó, ọpọ́n àti àpótí ìjókòó tí gbogbo rẹ̀ lè wọ inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Àwọn mìíràn kọ́ ọ, ó di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́. Akérédolú fúnra rẹ̀ padà ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ka ìjọba tó ń tọ́jú ohun àtijọ́.

Àwọn òyìnbó àti àlejò ló ń rà á jù. Ìdí nìyẹn tí díẹ̀ lára rẹ̀ fi wà ní British Museum, tí n kò sì tíì rí ẹyọ kan nínú gbogbo ilé tí mo ti wọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́.

Yínká Ṣóníbárẹ́, tí wọ́n bí sí London ní 1962 tó sì dàgbà ní Èkó, náà ṣe ilé ọmọlángidi kan ní 2002. Ilé òyìnbó ayé Victoria ni tòkè tilẹ̀, ṣùgbọ́n àńkárá ló wà lára àwọn àga inú rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé àńkárá yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti wa láti ìbẹ̀rẹ̀: àwọn ará Holland ló wo bátíkì Indonesia, tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe é, tí wọ́n sì gbé e wá tà fún wa. Ẹni tó bá wo ilé náà kò ní mọ ilé ta ló wà.

Ní ti ilé tèmi, bẹ́ẹ̀dì ti parí. Kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì náà ti parí, ike tí wọ́n fi ń di káàdì ni mo fi ṣe gíláàsì rẹ̀. Àga ìyá àgbà ló dá ìjà sílẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí. Àǹtí mi ní fèrèsé ni àga náà kọjú sí. Bọ̀dá mi ní rárá o, ilẹ̀kùn ni, torí ìyá àgbà fẹ́ máa rí ẹni tó ń wọlé. Màmá mi ka gbogbo rẹ̀, wọn ò sọ nǹkan kan fún ọjọ́ méjì, wọ́n wá fi ohùn ránṣẹ́: "Ẹ ti gbàgbé pé àga méjì ló wà níbẹ̀ ni?"

Mo ń gbẹ́ ìkejì lọ́wọ́. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.