Bí Ojú Ṣe Ń Túmọ̀ "Ọ̀pọ̀ Jù Lọ"

Ní 1871, William Stanley Jevons, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ èsì ìdánwò kan jáde. Ó ń da ẹ̀wà dúdú sínú àpótí, ó ń wò wọ́n fìrí, ó sì ń sọ iye wọn láìkà wọ́n. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣì í. Láti márùn-ún lọ ni àṣìṣe ti ń wọlé, ó sì ń pọ̀ bí ẹ̀wà ṣe ń pọ̀.

Ọ̀tọ̀ lohun tó jẹ àwọn onímọ̀ lọ́jíìkì lógún: kí ló ń mú gbólóhùn jẹ́ òtítọ́? Ní 1884, Gottlob Frege ti Jámánì kọ ọ́ pé ẹni tó ń tẹ́ tábìlì lè mọ̀ pé ọ̀bẹ àti àwo ṣe déédéé láìka ìkankan, bó bá ṣáà ti fi ọ̀bẹ kan ti àwo kọ̀ọ̀kan. Bí a bá tọ ọ̀nà yìí, "èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àmì wọ̀nyí jẹ́ búlúù" á túmọ̀ sí pé, bí a bá so búlúù mọ́ àwọn yòókù ní méjì-méjì, búlúù ni yóò ṣẹ́ kù. A tún lè fi iye búlúù wé iye àwọn yòókù. A sì lè yọ búlúù kúrò nínú àpapọ̀, ká wá fi wé ohun tó kù. Lójú lọ́jíìkì, ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èwo wá ni ọpọlọ ń lò?

Paul Pietroski, Jeffrey Lidz, Tim Hunter àti Justin Halberda gbé ìbéèrè yìí ka iwájú ojú ní 2009. Wọ́n fi àmì róbótó aláwọ̀ méjì han àwọn èèyàn lórí kọ̀ǹpútà, ó sì pòórá kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé. Kódà níbi tí wọ́n ti to àmì náà káàkiri ní méjì-méjì, àwọn èèyàn kò wá èyí tí kò ní ẹnì kejì. Ìfojúdíwọ̀n Jevons ni wọ́n ń lò: mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ń dà wọ́n láàmú, ìlọ́po méjì kò ṣòro.

Ìdánwò wọn ti 2011 ló wú mi lórí jù. Wọ́n fi àwọ̀ kún àwọ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò le sí i. Ká ní ńṣe làwọn èèyàn ń ṣa àwọ̀ yòókù jọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ojú ì bá ti há, torí nǹkan bí ọ̀wọ́ mẹ́ta péré, àpapọ̀ wà lára rẹ̀, ni ojú lè díwọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyọkúrò ni wọ́n ń ṣe, àní níbi tí àwọ̀ ti jẹ́ méjì péré, tí ọ̀nà tó rọrùn jù wà nílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, Tyler Knowlton àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀nà tó jọ èyí dán "each" àti "every", tí ìtumọ̀ wọn jọra, wò lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó gbọ́ "every" rántí iye àmì dáadáa jù. Àwọn tó gbọ́ "each" ló ń mọ̀ ọ́n dáadáa jù bí àmì kan bá pa àwọ̀ dà.