Àwọn Ṣọ́jà Onígi Thomas Ona

Ìbéèrè kan dé bá mi níbí ní Agbára, láti ọwọ́ ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́ ní yunifásítì. London ló ń gbé báyìí, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń kun ṣọ́jà kéékèèké, èyí tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n ń tò sórí tábìlì láti tún ogun àtijọ́ jà. Ó fẹ́ to ogun Ìmàgbọ̀n. Ó ní ti Gẹ̀ẹ́sì kò le, aṣọ wọn wà nínú ìwé. Ti Ìjẹ̀bú ńkọ́? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó fi ọ̀dà kan ṣoṣo, àwọ̀ ilẹ̀, kun gbogbo wọn.

Ìdáhùn mi gùn díẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́ ọ.

Eré yìí kì í ṣe tòní. Ní 1913 ni H. G. Wells tẹ ìwé Little Wars jáde, tó fi òfin sílẹ̀ fún bí àgbàlagbà ṣe lè fi ṣọ́jà ọmọdé jagun. Aṣọ ni wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́ kan yàtọ̀ sí èkejì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ ogun tí kò bá wọ yunifọ́ọ̀mù, agbo lásán ló máa dà lórí tábìlì.

Ẹ wá wo Thomas Ona Odulate. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, Èkó ló ti ṣiṣẹ́, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá. Ó ń gbẹ́ ère kéékèèké: ajẹ́lẹ̀, lọ́yà, ṣọ́jà, ọlọ́pàá, ọba àti ìjòyè. Ọ̀dà rẹ̀ kò pọ̀: íǹkì dúdú, íǹkì pupa, àti pólíìṣì bàtà funfun. Ibi tó kù, ó fi í sílẹ̀ bí igi ṣe rí. Àwọn Òyìnbó ń rà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ń fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tó bá a sọ̀rọ̀, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1957. Ona ní òun kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, ohun tí òun rí láyìíká òun ni òun ń gbẹ́. Òótọ́ sì ni. Orí ńlá tó wà lọ́rùn ajẹ́lẹ̀ náà ló wà lọ́rùn ọba. Bí Yorùbá ṣe ń gbẹ́ ère láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn, orí ló ṣe kókó.

Èmi tí mo fi èdè ṣe iṣẹ́ ṣe, nǹkan mìíràn ni mo rí. Ojú àwọn ère yìí jọra, bí ìbejì. Ohun tó wà lórí àti lọ́wọ́ wọn ló ń sọ ẹni tí wọ́n jẹ́: akoto, agbòjò, ìwé, ìbọn. Àbí kì í ṣe bí èdè wa ṣe ń ṣe é nìyẹn? Kí ni ọlọ́pàá? Ẹni tó ni ọ̀pá. Kí ni akódà? Ẹni tó ń kó idà. Ona fi ọ̀bẹ ṣe ohun tí ẹnu wa ń fi "oní-" ṣe.

Ó yá, ká padà sí Ìmàgbọ̀n. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà Awùjalẹ̀ Túnwàṣe, Ọ̀gágun Scott kó ogun gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ wọlé. Wọ́n jà ní Ìmàgbọ̀n lọ́jọ́ 19. Nígbà tó di ọjọ́ 20, wọ́n ti wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìbọn Maxim wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kun ìlà yẹn ní Òyìnbó nìkan ti pa irọ́: ṣọ́jà Haúsá láti Èkó àti Gold Coast ló pọ̀ níbẹ̀, ọmọ ogun Ìbàdàn náà sì wà níbẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú tó dúró dè wọ́n, ìbọn wà lọ́wọ́ tiwọn náà.

Bí a ṣe máa tò wọ́n ńkọ́? Ẹ gbọ́ orúkọ oyè ogun Ìbàdàn: Balógun, Ọ̀tún Balógun, Òsì Balógun. Ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì. Sẹ́ríkí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí a yá lọ́wọ́ Haúsá. Ètò ojú ogun ló di orúkọ oyè. Agbo lásán kì í ní ọ̀tún àti òsì.

Nítorí náà, ọmọ mi, da ọ̀dà àwọ̀ ilẹ̀ yẹn nù. Ayé aró àti òwú funfun ni ayé àwọn bàbá wa nígbà yẹn, wọ́n ń hun kíjìpá, wọ́n ń hun ẹtù. Kun wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Fún oníbọn ní ìbọn rẹ̀, fún onílù ní ìlù, kí ìjòyè ní ohun tí a ó fi mọ̀ ọ́n. Wọ́n ṣẹ́gun wọn ní 1892, ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Kò sídìí tí a ó fi tún gba orúkọ lọ́wọ́ wọn lórí tábìlì.