Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni tó Fẹ́ Yà Síbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ará ìpínlẹ̀ yìí ló ń gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ́dọọdún tí wọn kò sì dúró níbẹ̀ rí. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra ní Ìbàdàn, Ìlọrin ni wọ́n ń lọ, ìlú méjèèjì yìí a sì di ibi tí wọ́n ti ń ra ẹran sísun àti omi tútù. Bẹ́ẹ̀, ibi méjèèjì tí nǹkan bí kìlómítà 50 pín níyà yìí wà lára ibi tí ìtàn Yorùbá ti ṣeé fojú rí jù lọ. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ́ ìlú méjèèjì. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn yóò rí ohun púpọ̀ tí arìnrìn-àjò tó ń sáré kọjá kò lè rí.

Ọ̀yọ́ tuntun àti Ọ̀yọ́-Ilé

Ọ̀yọ́ tí a ń wò lónìí kì í ṣe Ọ̀yọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú àtijọ́, wà lápá àríwá nínú ọ̀dàn. Àwọn ará ibẹ̀ kó kúrò níbẹ̀ láàárín nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837, lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu ti kú sójú ogun tó bá Ìlọrin jà. Àgọ́-Ọ̀jà, ìletò tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀jà ti tẹ̀dó ṣáájú, ni Ọmọọba Àtìbà kó àwọn ènìyàn jọ sí. Ibẹ̀ ló sọ di Ọ̀yọ́.

Àtìbà mọ̀ pé agbára òun kò lè tó ti àwọn Aláàfin ìgbàanì. Ó fi oyè Baṣọ̀run fún Olúyọ̀lé ní Ìbàdàn, ó fi oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò fún Kúrunmí ní Ìjàyè, ó sì fi ọ̀rọ̀ ogun lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, Àrẹ̀mọ rẹ̀, Adélù, ló jọba. Kúrunmí kọ̀, nítorí pé àṣà àtijọ́ ni kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó fa ogun Ìjàyè, tí ìlú náà fi run ní ọdún 1862. Ẹni tó bá dúró níwájú ààfin Ọ̀yọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ló dúró sí.

Ààfin ni kí àlejò kọ́kọ́ wò. Ẹ wo àwọn kọ̀bì rẹ̀, ìyẹn òrùlé tó yọ síta níwájú ilé, tí ó jẹ́ àmì ilé ọba láti ìgbà Ọ̀yọ́-Ilé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kà á sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilé tí ọba ń gbé ni. Aláàfin Lámídì Adéyẹmí Kẹta, tó wàjà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, lo ohun tó lé ní 50 ọdún lórí ìtẹ́ níbẹ̀. Aláàfin Abímbọ́lá Owóadé gorí ìtẹ́ ní ọdún 2025. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bá àwọn ẹmẹ̀wà tó wà lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá àti ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì gba àyè kí ẹ tó ya fọ́tò. Bí ẹ bá rí Kábíyèsí, ọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀, obìnrin yóò kúnlẹ̀, fìlà àti bàtà yóò sì kúrò lára. A ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó gbé fóònù sókè kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni; kò dára bẹ́ẹ̀.

Ọjà Akẹ̀sán wà nítòsí ààfin, gẹ́gẹ́ bí ọjà ọba ti máa ń wà nílẹ̀ Yorùbá. Orúkọ náà ti wà ní Ọ̀yọ́-Ilé rí. Iná jó ọjà yìí ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìyá oníṣòwò sì pàdánù gbogbo ohun tí wọ́n ní. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló tún un kọ́.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ wò lásán ni iṣẹ́ ọwọ́. Igbá fínfín ti Ọ̀yọ́ lókìkí káàkiri. Wọn yóò la igbá, wọn yóò kó inú rẹ̀ dànù, wọn yóò sá a títí yóò fi gbẹ, lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ yóò fi ọ̀bẹ kékeré fín ọ̀nà sí ẹ̀yìn rẹ̀ láìkọ́kọ́ yà á sórí ìwé. Àwọn oníṣọ̀nà awọ ń lo awọ ewúrẹ́, àwọ̀ pupa tí wọ́n sì mọ̀ jù lọ láyé àtijọ́ ń ti ara pòròpòrò ọkà bàbà wá. Àwọn tó ń gbẹ́ ìlù ń wá igi ọmọ̀ tàbí apá fún dùndún. Iṣẹ́ wọ̀nyí kò sí nínú gíláàsì. Ojúde ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, owó rẹ̀ sì ni oníṣẹ́ ń jẹ. Bí àlejò bá wò ó fún wákàtí kan tí ó ya fọ́tò, tí kò sì ra nǹkan kan, kí ni ọmọ oníṣẹ́ yóò rí tí yóò fi fẹ́ kọ́ iṣẹ́ baba rẹ̀? Ẹ mú owó lọ, ẹ sì ná ọjà níwọ̀n.

Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ṣàngó máa ń wáyé ní Ọ̀yọ́, ọjọ́ mẹ́wàá gbáko. Àjọ UNESCO fi ọdún náà sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé ní ọdún 2023. Ẹni tó bá fẹ́ lọ nígbà náà gbọ́dọ̀ wá ibùsùn sílẹ̀ ṣáájú.

Ní ti Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀, ó wà nínú igbó ọba ti ìjọba àpapọ̀ tí a mọ̀ sí Old Oyo National Park, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà 2,512 níbùú-lóòró. Odò Ògùn, èyí tó ń ṣàn dé Abẹ́òkúta, gba inú igbó yìí kọjá. Àwókù odi ìlú àti àfọ́kù ìkòkò ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Olú-iléeṣẹ́ igbó náà wà nínú ìlú Ọ̀yọ́. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ béèrè bí ọ̀nà ṣe rí, bí ààbò ṣe wà àti ẹni tí yóò mú yín lọ. Ẹ má ṣe dá a lọ.

Ògbómọ̀ṣọ́

Ìtàn ìlú yìí bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ọdẹ kan, Ògúnlọlá, tó tẹ̀dó sábẹ́ igi ajágbọn. Wọ́n ní ẹ̀sùn kan ló gbé e dé iwájú Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ní àkókò náà, jagunjagun kan tí ń jẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń da ìlú láàmú. Ògúnlọlá pa á, ó gé orí rẹ̀ wá fún ọba, ọba sì dá a sílẹ̀ kí ó padà sílé. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń pe ibùdó rẹ̀ ní ti Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tó di Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ni Ṣọ̀ún àkọ́kọ́. Ṣọ̀ún Afọlábí Ọlaoyè, tó jọba ní ọdún 2023, ló wà lórí ìtẹ́ báyìí.

Nígbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ìlú tó yí i ká tú, àwọn ará ibẹ̀ sì sá wọ inú odi Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdí nìyí tí oríṣiríṣi orílẹ̀ fi wà nínú ìlú kan ṣoṣo, tí ẹ ó sì máa gbọ́ oríkì tó yàtọ̀ síra bí ẹ bá ti ń kúrò ní agboolé kan sí èkejì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbà pé, "Níbo ni ẹ ti wá?" Ìdáhùn rẹ̀ lè gba ọ̀sán gbáko.

Ní ọdún 1855 ni Thomas Jefferson Bowen, òjíṣẹ́ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ìlú yìí. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ jáde ní Amẹ́ríkà. Iléèwé ẹ̀kọ́ ìsìn wọn bẹ̀rẹ̀ ní 1898, ìtọ́jú aláìsàn ní 1907. Ilé ìwòsàn náà ló di ti Yunifásítì Bowen. Yunifásítì LAUTECH, tí a dá sílẹ̀ ní 1990, ń jẹ́ orúkọ Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ ìlú náà tó ṣe olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n sì pa ní oṣù Kìíní ọdún 1966.

Ẹ tún fojú sí àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́. Owó òkè ọya àti ti Gánà ló kọ́ púpọ̀ nínú wọn, nítorí oníṣòwò tó ń rìn jìnnà ni ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò jáde ní òpin ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ìdílé kó ẹrù padà wá sílé tí wọn kò rí tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá lọ ní àsìkò máńgòrò, ẹ mú apẹ̀rẹ̀ dání. Bí ọjọ́ egúngún tàbí orò bá bọ́ sí ìgbà tí ẹ wà nílùú, onílé ni kí ẹ bi léèrè ibi tí ẹsẹ̀ àlejò lè dé, pàápàá ẹsẹ̀ obìnrin. Ọkọ̀ àjàgbé pọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀nà àtijọ́ sì tóóró láwọn ibì kan: ẹ gbéra láàárọ̀, ẹ má ṣe rìn ín lóru.