Ta Ló Ni Eré? Ìtàn Àwọn Eré Ẹ̀dá-Ìtàn Adádúró ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtàn fi yé wa pé ìgbà mìíràn wà tí ẹlòmíràn máa ń wá tẹ ilẹ̀ tútù náà mọ́ ẹni tí ó da omi lọ́wọ́. Irú rẹ̀ ni ìtàn eré kan tí ó jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dungeons & Dragons. Ẹni méjì ni ó pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 1985 yóò fi parí, kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tí ó tún ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn kan rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ó bí àwọn eré tí a ń pè ní adádúró.

Irú Eré Tí Ó Jẹ́

Eré ẹ̀dá-ìtàn kì í ṣe eré orí ìtàgé, nítorí kò sí òǹwòran níbẹ̀. Ènìyàn bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gbé ẹ̀dá ìtàn kan wọ̀: ọ̀kan lè jẹ́ jagunjagun, èkejì lè jẹ́ olè, ẹ̀kẹta lè jẹ́ oníṣègùn. Ẹnì kan láàrin wọn ni atọ́kùn eré. Òun ni yóò máa ṣàpèjúwe ibi tí wọ́n dé àti ewu tí ó dojú kọ wọ́n. Àwọn yòókù yóò máa sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn wọn fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá ṣòro, wọn yóò da dáìsì láti mọ̀ bóyá yóò ṣeé ṣe tàbí kò ní ṣeé ṣe. Ó fi ara jọ àlọ́ pípa. Ṣùgbọ́n apàlọ́ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Ìjàpá yóò já sí kí ó tó la ẹnu. Nínú eré yìí, atọ́kùn pàápàá kò mọ bí ìtàn yóò ṣe parí.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Rẹ̀

Inú eré ogun ni eré yìí ti ṣẹ̀ wá. Ní 1824, ọ̀gá ọmọ-ogun kan ní ilẹ̀ Prussia, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Reisswitz, gbé eré kan jáde tí a fi ń kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọgbọ́n ìjà lórí àwòrán ilẹ̀. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé tí ó pè ní Little Wars nípa bí a ṣe lè fi ọmọ-ogun ìṣeré ja ogun nínú ilé. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ni ẹni tí ó ń ṣe irú eré báyìí máa ń darí.

Ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní ọdún 1969 ni David Wesely yí i padà. Ó ní kí kálukú jẹ́ ènìyàn kan ṣoṣo nínú ìlú kan: ọ̀kan jẹ́ olórí ìlú, òmíràn jẹ́ ọ̀gá yunifásítì. Dave Arneson wà lára àwọn tí ó bá a ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ó mú èrò náà, ó sì fi dá ayé ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó pè ní Blackmoor. Gary Gygax, ní ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ti bá Jeff Perren kọ òfin eré ogun kan tí ó jáde ní 1971. Arneson àti Gygax wá pa ọgbọ́n pọ̀. Ní 1973, Gygax àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Don Kaye, dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí TSR. Ẹ̀dà 1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1974, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń to àwọn ìwé náà sínú páálí nínú ilé ara wọn. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn: eré tí ó di ọba lónìí, adádúró ni òun náà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀.

Bí Ó Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Wọn

Kaye kú ní ọdún 1975. Nígbà tí ó yá, àwọn ẹbí Blume, tí wọ́n fi owó kún òwò náà, ni ó ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ilé iṣẹ́. Arneson fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1976. Ní 1979, ó pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ lórí orúkọ àti owó tí ó tọ́ sí i. Ní 1981 ni wọ́n tó parí rẹ̀ ní ìtùbí-ìnùbí. Ní 1985, àwọn Blume ta ìpín tiwọn fún Lorraine Williams, àṣẹ sì kúrò lọ́wọ́ Gygax. Ọjà náà kò tán síbẹ̀. Ní 1997, Wizards of the Coast ra TSR. Ní 1999, Hasbro, ilé iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ra Wizards of the Coast.

Ìdìde Àwọn Adádúró

Kì í ṣe ẹ̀yìn ìgbà yìí ni àwọn ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ eré tiwọn fúnra wọn. Ní 1975 ni Ken St. Andre ti gbé Tunnels & Trolls jáde ní Arizona. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà di ìlànà ni Ron Edwards, ẹni tí ó kọ eré Sorcerer. Lójú tirẹ̀, kì í ṣe kíkéré ilé iṣẹ́ ni ó ń sọ eré di adádúró. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ẹni tí ó kọ eré jẹ́ oníǹkan rẹ̀, kí ó lè pinnu bí a óò ṣe tẹ̀ ẹ́ àti iye tí a óò tà á. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ara wọn jọ sábẹ́ orúkọ The Forge, níbi tí wọ́n ti ń yẹ eré ara wọn wò títí di ọdún 2012.

Eré tí ó jáde láti àárín wọn kò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Nínú My Life with Master, tí Paul Czege kọ ní 2003, ìránṣẹ́ òǹrorò kan ni àwọn tí ń ṣeré jẹ́, ìbéèrè ibẹ̀ sì ni bóyá ìfẹ́ lè fún wọn ní agbára láti kọ àṣẹ ọ̀gá wọn. Nínú Dogs in the Vineyard ti Vincent Baker, tí ó jáde ní 2004, àwọn ọ̀dọ́ onígbàgbọ́ ń lọ láti ìlú dé ìlú láti dá ẹjọ́ ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ìwé tí ó sọ fún wọn pé ẹjọ́ báyìí ni ó tọ́. Fiasco ti Jason Morningstar, tí ó jáde ní 2009, kò ní atọ́kùn rárá, ìjókòó kan péré sì ni ó gbà.

Ohun Tí Ó Mú Wọn Dùn

Àkọ́kọ́ ni òmìnira. Ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tí ó ni eré rẹ̀ kò ní láti bẹ ọ̀gá kankan kí ó tó kọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Èkejì ni pé eré adádúró máa ń mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a sì jẹ ẹ́ dé egungun. Ìwé ńlá mẹ́ta ni òfin Dungeons & Dragons, ìjà ni ó sì gba ibi tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ti Lasers & Feelings, tí John Harper gbé jáde ní 2013, ojú ìwé kan péré ni gbogbo òfin rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ kì í ṣahun. Vincent Baker àti Meguey Baker gbà kí ẹlòmíràn fi ìlànà Apocalypse World, tí ó jáde ní 2010, ṣe eré tirẹ̀, ọ̀pọ̀ eré ni ó sì ti ti ara rẹ̀ jáde.

Ibi Tí Ó Kù Sí

Bí ó ti wù kí ó rí, igi kan kì í dá igbó ṣe. Ìṣòro kìn-ín-ní ni àìrí ẹni bá ṣeré. Èdè àjùmọ̀sọ ni Dungeons & Dragons láàrin àwọn tí ń ṣe irú eré yìí; ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò rí ẹgbẹ́ bá ṣe níbi púpọ̀. Ẹni tí ó ra eré adádúró ní láti kọ́kọ́ wá ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí yóò gbà láti kọ́ òfin tuntun. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ eré náà ni a ń rà, tí a ń kà, tí a sì ń yìn, ṣùgbọ́n tí a kì í ṣe.

Èkejì ni pé ohun tí ó mú un dùn náà ni ó ké e kúrú. Bí òǹrorò bá ti kú nínú My Life with Master, eré parí. Ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ bá ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ rìn fún ọdún méjì yóò padà sí ìdí eré ńlá. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àìní atọ́kùn: ẹrù tí ẹnì kan ìbá rù di ti gbogbo ilé, onítìjú tí ó kàn fẹ́ jókòó gbọ́ ìtàn kò sì ní ibi tí yóò sá sí.

Ẹ̀kẹta ni ti oúnjẹ òòjọ́. Oníǹkan náà ni òǹkọ̀wé, òun ni òǹtẹ̀wé, òun náà ni yóò kiri rẹ̀. Ọjà tí ó sì ń kiri sí kì í ṣe tirẹ̀. Kickstarter, tí a dá sílẹ̀ ní 2009, ran púpọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ láti gba owó lọ́wọ́ òǹrajà kí iṣẹ́ tó parí, ṣùgbọ́n onílé ń gba owó ilé.

Ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ yìí hàn kedere ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Láti ọdún 2000 ni ìwé àṣẹ kan ti wà tí ó gba àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké láyè láti lo ìpìlẹ̀ òfin Dungeons & Dragons. Lójijì ni ìròyìn tàn pé Wizards of the Coast fẹ́ yí ìwé àṣẹ náà padà. Àwọn tí wọ́n ti fi ogún ọdún kọ́ ilé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ fi igbe ta. Kí oṣù náà tó parí, ilé iṣẹ́ náà yí ohùn padà, ó sì fi ìpìlẹ̀ òfin náà sábẹ́ àṣẹ Creative Commons, níbi tí kò ti lè gbà á padà mọ́. Nígbà tí ìjì náà ń jà, àwọn tí wọ́n kọ òfin tiwọn láti ilẹ̀ kò ní ohun tí ó bà wọ́n lẹ́rù.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí kò sọ pé kí a kọ eré ńlá, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé gbogbo eré kékeré ni ó dára. Ohun tí ó fi hàn ni pé oníǹkan méjì ni eré ní. Òfin lè sọ ẹni tí ó kọ ọ́ di oníǹkan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀; ìyà tí ó jẹ Arneson àti Gygax kò yẹ kí ó tún jẹ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó jókòó yí tábìlì ká ni oníǹkan kejì, kò sì sí ìwé àṣẹ tí ó lè fi agbára mú wọn wá. Àwọn adádúró ti gba ti àkọ́kọ́ padà. Èkejì ni ó kù tí wọ́n ń wá, nítorí eré tí a kò rí ẹni bá ṣe, ìwé lásán ni.