Ìmìtìtì Ilẹ̀ Accra

Ìmìtìtì ilẹ̀ Accra ni àwọn ìmìtìtì ńlá tó wáyé ní etíkun Gánà, pàápàá ti ọdún 1862 àti 1939. Ẹ̀rí àwọn tó ṣojú wọn ni ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa wọn.

Àkọsílẹ̀ ìmìtìtì ní etíkun yìí ti wà láti ọdún 1636, nígbà tí ibi ìwakùsà wúrà kan ní Aboasi, lágbègbè Axim, wó lu àwọn awakùsà. Ní oṣù Keje 1862, ilé wó ní Accra, odi Christiansborg ní Osu sì bàjẹ́ gidigidi.

Ní alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 1939, ilẹ̀ tún mì. Agbára rẹ̀ tó nǹkan bí 6.5; ènìyàn 17 kú, ọ̀pọ̀ sì farapa. Àwọn ará Èkó, Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n lára. N. R. Junner, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti àpáta, kọ ìròyìn kíkún nípa rẹ̀, èyí tí ìjọba Gold Coast (orúkọ Gánà nígbà náà) tẹ̀ jáde ní 1941.

Ẹ̀rí àwọn tí irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀ ṣojú wọn ṣe iyebíye. Ògiri tó là, àwo tó já bọ́ àti oorun tó dá lójú ènìyàn ni onímọ̀ fi ń díwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe mì tó níbi kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì fi ń wá orísun rẹ̀. Ẹ̀rí ti Accra tọ́ka sí ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, níbi tí ìlà ilẹ̀ tó sán ní Akwapim ti pàdé ti etíkun. Ewu náà kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀.